Bí Wọ́n Ṣe Ka Àwọn Tó Padà Wá Gba Ìtọ́jú Oògùn Olóró ní Lexington

Ní oṣù kìíní ọdún 1929, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan tí Stephen Porter, aṣòfin láti ìpínlẹ̀ Pennsylvania, gbé wá síwájú wọn, pé kí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ibùdó méjì tí wọn yóò ti máa tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Òfin ọdún 1914 tó de títà morphine àti heroin ti sọ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo oògùn wọ̀nyí di ọ̀daràn, wọ́n sì ti pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó ń gbọ̀n, tó ń bì, tí kò lè sùn. Ibùdó àkọ́kọ́ ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 1935 nítòsí ìlú Lexington ní ìpínlẹ̀ Kentucky, lórí ilẹ̀ oko tó fẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kan éékà. Èkejì ṣí ní Fort Worth, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ọdún 1938.

Ti Lexington ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé, nítorí pé láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ti gbìyànjú láti tẹ̀lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn dé ilé wọn, kí wọ́n lè mọ iye tó padà sídìí oògùn àti iye tó tún wá gba ìtọ́jú. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé iye àwọn tó padà wá lè jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé kí ó sì tún ṣi ni lọ́nà, bí a kò bá béèrè ibi tí wọ́n gbà lọ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní ilé ìwòsàn.

Ilé ìwòsàn àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Lexington lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà Lawrence Kolb, tó jẹ́ olórí rẹ̀ àkọ́kọ́, gbà pé àìsàn ni bárakú, ìjọba sì fi ibẹ̀ sábẹ́ àwọn oníṣègùn rẹ̀ tó ń rí sí ìlera aráàlú. Àwọn aláìsàn ń fún wàrà màlúù, wọ́n ń gbin oúnjẹ, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n sì ń kan àga àti tábìlì. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé, wọn a máa dín ìwọ̀n oògùn kù fún wọn díẹ̀díẹ̀ títí ara yóò fi gbà á. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, methadone, oògùn kan tó jọ morphine tí agbára rẹ̀ máa ń pẹ́ lára, ni wọ́n ń fún wọn fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, wọ́n retí pé kí aláìsàn lo oṣù mélòó kan sí i.

Àwọn kan tó ń wọlé jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ rán wá. Àwọn mìíràn ni adájọ́ sọ fún pé kí wọ́n lọ gba ìtọ́jú dípò kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn yòókù fi ẹsẹ̀ ara wọn wá, ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ló sì le jù nínú ìṣirò gbogbo, nítorí pé ní ọdún 1936 ilé ẹjọ́ dájọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ fi tipátipá dá ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá dúró, ìwé yòówù kó ti fọwọ́ sí nígbà tó ń wọlé. Láti ìgbà náà lọ, púpọ̀ nínú wọn ń kó ẹrù wọn kí ìtọ́jú tó parí, àwọn mìíràn ní kété tí ìnira ìjáwọ́ bá ti rọlẹ̀ lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ á kọ ọ́ sínú fáìlì pé ó lọ láìgba ìmọ̀ràn oníṣègùn. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, ẹni kan náà lè tún dé.

Ìwé ìgbàwọlé kò ṣòro láti kà. Ká ní ẹnì kan wọlé ní 1938, ó tún wọlé ní 1941 àti ní 1946, ìgbàwọlé mẹ́ta ló jẹ́ nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ènìyàn kan ni. Bí ilé ìwòsàn bá ń ka ìgbàwọlé nìkan, àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ni yóò gba gbogbo ojú ìwé, nígbà tí àwọn tí ara wọn dá kò ní ìdí kankan láti tún fara hàn nínú rẹ̀. Bákan náà ló rí fún nọ́ọ̀sì tó wà nínú wọ́ọ̀dù: àwọn ojú kan náà ló ń rí lọ́dọọdún, ó sì rọrùn kí ó gbà pé kò sẹ́ni tí ìtọ́jú ràn lọ́wọ́ rí. Sonny Rollins, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká afunfèrè jáàsì, wọ Lexington ní ọdún 1955, ó jáwọ́ nínú heroin, kò sì padà sídìí rẹ̀ mọ́. Nínú ìwé ìgbàwọlé, kò sí ìyàtọ̀ láàárín irú rẹ̀ àti ẹni tó kú ní ọ̀sẹ̀ kejì tó délé. Orúkọ méjèèjì hàn lẹ́ẹ̀kan, a kò sì rí wọn mọ́.

Dókítà Michael Pescor, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lexington, gbìyànjú láti wo ohun tó wà lẹ́yìn ìwé ìgbàwọlé náà. Ó mú àwọn ọkùnrin 4,766 tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ọdún 1936 sí 1940, ó wá ìròyìn wọn kiri, ó sì tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1943. Ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìròyìn sọ pé wọn kò lo oògùn mọ́. Ìdá 39.9 ti padà sídìí rẹ̀. Ìdá 7 ti kú. Ìdá 39.6 tó ṣẹ́kù, kò sẹ́ni tó lè sọ bí wọ́n ṣe wà.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró lórí iye ìkẹyìn yẹn, nítorí pé òun ni mo kà sí ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni méjì nínú ẹni márùn-ún. Bí a bá ka gbogbo wọn mọ́ àwọn tó padà sídìí oògùn, a óò sọ pé ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni ìtọ́jú kò ṣe nǹkan kan fún. Bí a bá sì yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò, tí a ka kìkì àwọn tí a mọ ìròyìn wọn, ìdá àwọn tó jáwọ́ yóò gòkè láti 13.5 sí bíi 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ènìyàn kan náà ni, ilé ìwòsàn kan náà ni, kò sì sí irọ́ nínú ìṣirò méjèèjì. Ẹni tó bá ń wá ìdí láti ti ilé ìwòsàn náà pa yóò mú ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì ń wá owó láti fi mú un gbòòrò yóò mú ti èkejì. Pescor fúnra rẹ̀ ṣe ohun tó yẹ ká máa yìn ín fún: ó kọ àwọn tí kò rí sínú tábìlì pẹ̀lú àwọn tó rí.

Àwọn tó kú náà yẹ ní àkíyèsí tiwọn. Ẹni tó ti jáwọ́ fún oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá délé tó sì fa ìwọ̀n àtijọ́ sára, èémí rẹ̀ lè dúró kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ewu yìí pọ̀ jù ní àkókò tó sún mọ́ ọjọ́ tí ènìyàn kúrò ní ilé ìwòsàn tàbí ní ẹ̀wọ̀n, títí di òní. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tó bá ń fi àìpadàwá aláìsàn yangàn láìmọ ẹni tó ṣì wà láàyè nínú wọn lè máa ka òkú mọ́ àwọn tó sàn.

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé ogun, New York ni ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn ti ń wá, ibi tó jìn sí Lexington ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan lọ. Àwọn olùwádìí méjì, Halsey Hunt àti Maurice Odoroff, tẹ̀lé àwọn tó tó nǹkan bí 1,900 tí wọ́n dá padà sí ìlú náà láàárín ọdún 1952 sí 1955, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1962. Ó lé ní ẹni 90 nínú ọgọ́rùn-ún tí oògùn tún di bárakú fún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Iye yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí Lexington. Ohun tí wọn kì í sábà rántí mọ́ ọn ni pé àwọn tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe dáadáa ju àwọn ọ̀dọ́ lọ, àti pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n, tí wọn kò lè fi ìtọ́jú sílẹ̀ lójijì, ṣe dáadáa ju àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn wá lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù mẹ́fà? Ìdáhùn kan ti wà nílẹ̀ ní Lexington fúnra rẹ̀ ṣáájú ìṣirò yìí. Dókítà Abraham Wikler, tó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀, ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn tí oògùn ti kúrò lára wọn láti oṣù pípẹ́, bí wọ́n bá jókòó pọ̀ tí ọ̀rọ̀ oògùn bá wọlé, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í yán, imú wọn a máa ṣomi, ojú wọn a máa ṣomi, bí ẹni tó jáwọ́ ní àná. Láti ọdún 1948 ló ti ń ṣàlàyé pé ara ti so oògùn pọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń lò ó, mọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń lò ó àti mọ́ ohun tí wọ́n fi ń lò ó, àti pé bí ènìyàn bá tún fojú kan àwọn nǹkan wọ̀nyí, ìnira náà lè jí padà. Lórí oko ní Kentucky, láàárín màlúù àti ewébẹ̀, kò sí ohun tí yóò jí i. Bí ọkọ̀ ojú irin bá gbé aláìsàn náà dé New York, tó dé igun àdúgbò tó ti ń ra heroin tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń dúró dè é níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí igun àdúgbò yẹn ní gbogbo oṣù tó fi wà ní ilé ìwòsàn.

Leon Brill, tó ń darí ibùdó kékeré kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York láti ran àwọn tó ti Lexington dé lọ́wọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wo 453 nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí fún ọdún márùn-ún. Ìròyìn tí wọ́n mú jáde ní 1963 yí ojú ọ̀rọ̀ padà. Ó lé ní ẹni 97 nínú ọgọ́rùn-ún tó ti padà sínú bárakú nígbà kan láàárín ọdún márùn-ún náà. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún karùn-ún pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò lo oògùn. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú ìdajì yìí wà ní àhámọ́, níbi tí ọwọ́ wọn kò ti lè tó oògùn, kò sì yẹ ká fi wọ́n kún àwọn tó jáwọ́ fúnra wọn. Àmọ́ àwọn tó kù nínú wọn wà nílé wọn, láàárín ìlú kan náà tó ti gbé wọn ṣubú. Ẹni tó bá wò wọ́n ní oṣù kẹfà nìkan yóò kọ ọ́ pé wọn kò lè sàn láéláé.

George Vaillant, oníṣègùn ọpọlọ kan, lọ jìnnà ju gbogbo wọn lọ. Ó yan ọgọ́rùn-ún ọkùnrin láti New York tí wọ́n kọ́kọ́ wọ Lexington ní 1952 àti 1953, ó sì tẹ̀lé wọn fún ogún ọdún nípasẹ̀ fáìlì ilé ìwòsàn, ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ẹ̀wọ̀n àti ìròyìn láti ẹnu àwọn tó mọ̀ wọ́n. Nígbà tí ogún ọdún pé, ó kéré tán 23 nínú wọn ti kú, àwọn bíi 35 sì ti jáwọ́ tí ìjáwọ́ wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì tún jáde láìsí ẹni tó ń mójú tó wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń padà sídìí oògùn kí ọdún tó yí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀wọ̀n bá ti pẹ́ díẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń mójú tó ẹni náà ní àdúgbò rẹ̀ fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìjáwọ́ wọn pẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀wọ̀n ló yẹ fún ẹni tí bárakú mú. N kò rò pé ohun tí ìwádìí náà sọ nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n kúkúrú tí kò sí ìmójútó lẹ́yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọdún kan tí ẹnì kan fi ń béèrè wọn, tó mọ ibi tí wọ́n ń sùn àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ni ohun tí ilé ìwòsàn kò fún wọn. Vaillant fúnra rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ tó dúró, àjọṣe tuntun pẹ̀lú ẹni tó bìkítà àti ohun mìíràn tí ènìyàn lè gbára lé wà lára ohun tó ń mú kí ìjáwọ́ pẹ́.

Ìwádìí John O'Donnell lórí àwọn ará Kentucky fúnra wọn fi ìhà mìíràn hàn. Nínú 266 tó ti gba ìtọ́jú ní Lexington, tí púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà tí wọ́n sì ti ń gba morphine lọ́wọ́ dókítà, ọ̀pọ̀ ti kú nígbà tó fi wá wọn dé. Nínú àwọn tó ṣì wà láàyè, àwọn tí kò lo oògùn mọ́ ló pọ̀ jù. Oògùn ti ṣọ̀wọ́n ní àgbègbè wọn, kò sì sí ọjà heroin tó ń dúró de wọ́n bíi ti New York. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n ti jáde.

Àwọn ọmọ ogun tó ti Vietnam dé ni ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn padà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe aláìsàn Lexington. Ní 1971, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ ogun wò, láti mọ ẹni tí heroin wà lára rẹ̀, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé. Lee Robins, láti Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, wá àwọn tó tó 900 lọ sí ibi tí wọ́n wà lẹ́yìn tí wọ́n ti délé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú márùn-ún tó sọ pé oògùn ti di bárakú fún òun ní Vietnam. Nínú àwọn wọ̀nyí, nǹkan bí ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni bárakú tún mú láàárín ọdún àkọ́kọ́, ẹni méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ péré ló gba ìtọ́jú. Wọ́n ti fi ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lo heroin sílẹ̀ sẹ́yìn òkun. Aláìsàn Lexington ní tirẹ̀, ilé ìwòsàn ló fi sílẹ̀, àdúgbò tó ti ń lo heroin ló sì padà sí.

Ìjọba gbà níkẹyìn pé iṣẹ́ kò parí ní ẹnu ọ̀nà. Òfin ọdún 1966 ṣètò pé bí aláìsàn bá kúrò ní Lexington, kí wọ́n máa bójú tó o nílùú rẹ̀ fún àkókò tó lè tó ọdún mẹ́ta. Ṣáájú ìgbà náà, Dókítà Marie Nyswander, tó ti ṣiṣẹ́ ní Lexington nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ tí ohun tó rí níbẹ̀ kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ti dara pọ̀ mọ́ Dókítà Vincent Dole ní New York. Ní 1964, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí heroin ti di bárakú fún ní methadone lójoojúmọ́, láìní in lọ́kàn pé kí wọ́n tètè dá a dúró. Pẹ̀lú ìtọ́jú tiwọn, ìtumọ̀ ìpadàwá yí padà pátápátá, nítorí pé ẹni tó ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ fún, ẹni tí wọn kò rí mọ́ ló sì yẹ kí wọ́n sáré wá lọ. Ní 1974, Lexington kógbá sílé gẹ́gẹ́ bí ilé ìtọ́jú bárakú, wọ́n sì fà á lé iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́.

Ní ọdún 2000, Thomas McLellan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bárakú wé àwọn àìsàn mìíràn tó ń bá ènìyàn gbé pẹ́. Wọ́n fi hàn pé nǹkan bí ẹni 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà sídìí oògùn láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú, nígbà tí ẹni 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée ni àìsàn wọn tún ń gbérí lọ́dọọdún. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí àwọn ará ilé ń sọ fún yín pé owó yín wọgbó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún ìyá arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ru pé kó má lọ rí dókítà mọ́.

Láti ọdún 1992 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kó ìròyìn ìgbàwọlé jọ láti àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀ gbogbo. Ìgbàwọlé ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ènìyàn, àmọ́ wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wọlé bóyá ó ti gba ìtọ́jú rí àti iye ìgbà tó jẹ́. Ìbéèrè yẹn dára, kò sì tó. Bí mo bá ní ilé ìtọ́jú kan tí mo ń gbà nímọ̀ràn, màá sọ pé kí wọ́n fún aláìsàn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí yóò máa lò ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé, kí wọ́n kọ iye oṣù tó fi wà láìlo oògùn kó tó padà wá àti ibi tó ń gbé nígbà náà, kí wọ́n sì gba nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nílé rẹ̀ tó gbà pé kí wọ́n máa pe òun. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni àwọn ará New York ṣubú jù, nítorí náà kí ìpè àkọ́kọ́ wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó délé gan-an, kí àwọn mìíràn sì máa tẹ̀lé e lóṣooṣù, kí ẹni tó ń pè náà sì kọ́kọ́ béèrè bóyá aláìsàn náà ṣì wà láàyè, kó tó béèrè bóyá ó ti tún lo oògùn.